Ọdún Tí Lẹ́ńsì Bàbá Fi Ìbàdí Kan Jókòó

Ní ilé wa ní Kabba, bí àwọn aládùúgbò kò bá gbọ́ ìró odó wa nírọ̀lẹ́, wọn kì í rò pé iṣu ló tán nílé. Wọ́n mọ̀ pé Bàbá mi ń mú lẹ́ńsì jókòó ni. Fọ́tò ni Bàbá ń yà, wọ́n sì ń tún kámẹ́rà tó bá bàjẹ́ ṣe. Àwọn onífọ́tò Mopa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ a máa kó èyí tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu wá bá wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá iṣẹ́ Bàbá àti ẹ̀yìnkùlé tí odó wà. Bí ọmọ odó bá ti ń balẹ̀ lọ́hùn-ún, omi inú ife tó wà lórí tábìlì Bàbá á máa gbọ̀n. Bàbá wá ṣòfin pé lọ́jọ́ tí ohun tí wọ́n fi lẹ lẹ́ńsì bá ń gbẹ, ẹ̀kọ tàbí ẹ̀wà la ó jẹ, iyán di ọjọ́ kejì. Ẹ bá mi wò ó! Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí àgbàlagbà ti lè jẹ ìrẹsì àwo méjì kó sì sọ pé òun kò tíì jẹun lónìí. Yèyé, ìyá Bàbá, kò fara mọ́ òfin yìí rárá. Bí wọ́n bá ti oko ẹ̀yìn ilé dé tí wọ́n rí i pé a ti da odó dé, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí wa bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, wọ́n á ní, “Okun o, ẹ̀yin ará ilé dígí. Mo ti rí ibi tí wọn kò ti gún iyán nítorí òkú. N kò rí ibi tí wọn kò ti gún un nítorí dígí rí.” Bàbá á kàn ti fèrèsé yàrá iṣẹ́ kí eruku má baà wọlé.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èmi nìkan ni mo kù nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti wọ iléèwé tí wọ́n ti ń gbé. Olùkọ́ ni Màmá, wọ́n á ti jáde kí oòrùn tó gòkè, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá àti Yèyé ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ àárọ̀ ilé wa: ìgbálẹ̀ Màmá lórí ilẹ̀ tó gbẹ, ìpè ìrun láti ilé kejì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e, àti ọ̀bẹ Yèyé lára òkúta, tí wọ́n ń pọ́n ọn. Ọ̀bẹ yẹn kéré, èèkù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Yèyé ló ń bó iṣu ilé wa, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá wọn bó o. Èèpo wọn fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi máa ń sọ pé èèpo náà ló mú ewúrẹ́ wa rù, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹranko lè jẹ. Yèyé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹni tó bá bó iṣu nípọn, oko ẹlòmíràn ló ti kó o wá.

Ohun kejì tí kì í kúrò lọ́wọ́ Yèyé ni igbá òrí. Òrí ni wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n, òun ni wọ́n ń fi sí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá ń dà láàmú, òun náà ni wọ́n ń fi sí àgádágodo tó bá ti dógùn-ún àti òrùka tí kò bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn títí di òní: “Òrí kì í bá nǹkan líle jà. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.” Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí mo ṣe gba Bíbélì gbọ́. Ìyẹn gan-an ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ Bàbá díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Nínú agolo lẹ́ńsì, dígí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Òrùka irin tín-ínrín ló ń dì wọ́n mú. Bí òrùka náà bá dẹ̀, dígí kan á yẹ̀ gẹ̀rẹ́, fọ́tò á mọ́ lápá kan, á ṣú lápá kejì. Bàbá máa ń sọ pé, “Lẹ́ńsì kì í dá jókòó, Fúnmi. Èèyàn ló ń mú un jókòó. Bó bá fi ìbàdí kan jókòó, bí àlejò tó ń kánjú, kò ní jíṣẹ́ fún ọ.” Bí wọ́n bá ti dè é tán, wọ́n á mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Màmá fi ń kun èékánná, wọ́n á kán an sí ibi mẹ́ta létí òrùka náà, kí ó lè gan mọ́ ọn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ títí á fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni odó kò gbọdọ̀ dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọjú sí i, wọ́n á sì fi dígí tí wọ́n ti fi iyanrìn ha sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí àwòrán lè hàn lójú rẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe jẹun di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà kan gbé tirẹ̀ wá láti Ìkòyí ilẹ̀ Okun wa níhìn-ín. Ó ti ń so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà láti ìgbà tó ti rà á, kó lè máa rí ẹni tó ń pè é. Ó ní, “Ìyá, ẹ wò ó, bí mo bá fẹ́ ya fọ́tò, ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.” Mo ní kò sí ibà kankan, pé jíjókòó ni lẹ́ńsì rẹ̀ kò jókòó mọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mò ń ṣàwàdà.

Yèyé ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Makutu, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Wọn kò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Yèyé ti ń ro wọ́n tí wọn kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ní ọdún yẹn, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan ń ṣú lójú òun díẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọn kò pariwo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, wọ́n kàn sọ fún Bàbá pé, “Lọ bá mi ya ẹ̀gbọ́n mi wá. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí ojú tèmi tó lọ.” Bàbá gbé òkèlè sílẹ̀. Wọ́n ní kámẹ́rà ńlá ni àwọn máa gbé lọ, èyí tí wọ́n fi ń ya ìyàwó, ṣùgbọ́n àwọn ní láti kọ́kọ́ tú lẹ́ńsì rẹ̀ kí àwọn nu eruku inú rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni, tí àárọ̀ máa ń tutù tí oòrùn ọ̀sán sì máa ń jó ni. Bàbá tú lẹ́ńsì náà, wọ́n nù ún, wọ́n tò ó padà. Ìka mi kéré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí n bá àwọn yí òrùka. Mo ti yí i dé ìdajì nígbà tí àwọn kan dé síta tí wọ́n fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù. Bàbá dìde. “Dè é tán, kí o kán kútẹ́ẹ̀sì sí i. Má fi agídí dè é o, kí ìlà tó fi ń yí má baà gun ara wọn.” Wọ́n jáde. Mo yí i, kò lọ. Mo dá a padà, mo tún un yí, ó tún dúró síbi kan náà. Ó wù mí gidigidi kí Bàbá bá a ní dídè nígbà tí wọ́n bá padà wọlé, kí wọ́n lè sọ fún Màmá nírọ̀lẹ́ pé èmi nìkan ni mo dè é. Mo bá rántí òrí. Mo sáré wọ yàrá Yèyé, mo fi ìka kan ha ojú igbá, mo fi yí etí òrùka náà ká. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo nu èyí tó yọ síta, mo kán kútẹ́ẹ̀sì sí ibi mẹ́ta bí mo ṣe máa ń rí i. N kò mọ̀ nígbà náà pé kútẹ́ẹ̀sì kì í mú irin tó ní ọ̀rá lára. Bàbá wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “O káre, ọmọ mi.” A kò gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Yèyé kò sì bínú, torí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni.

Ní àárọ̀ kejì, tí òrí ti dì gbagidi nínú òtútù, Bàbá lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kedere. Inú wọn dùn débi tí wọ́n fi pe Yèyé wá wò ó. Yèyé tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ojú dígí náà títí. Wọn kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Mo rí àwọn èèrà yín, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Makutu. Ọ̀sán gangan ni wọ́n débẹ̀, àgbàlá tí kò ní ibòji ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n Yèyé jókòó sí nítorí ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà sì dúró nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́ kí màmá náà tó wọ aṣọ tó wù wọ́n. Òrí yọ́, òrùka sì dẹ̀. Fọ́tò mẹ́fà ni wọ́n yà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bàjẹ́ bákan náà. Nígbà tí Bàbá padà délé tí wọ́n fọ wọ́n tán, ẹnu ọ̀nà àti ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ṣú, kò ní imú, kò ní ẹnu.

Bàbá ì bá ti fi í pamọ́, ṣùgbọ́n Yèyé ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá òkùnkùn tí Bàbá ti ń fọ fọ́tò láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fọ́tò náà pẹ̀lú omi lára rẹ̀. Wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n mú un jìnnà, wọ́n dijú ọ̀tún, wọ́n dijú òsì. Ojú ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni wọ́n ń wá, wọn kò wo ìkòkò, wọn kò wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá ní, “Yèyé, kámẹ́rà ló ṣe é. Ọ̀nà Makutu ló gbọ̀n ọ́n.” Yèyé mi orí. “Ọ̀nà Makutu yìí náà lo gbà nígbà tí o ya ìyàwó ọjọ́sí, gbogbo eyín ẹnu ìyàwó la kà.” Màmá dá sí i, wọ́n ní àwọn náà kò rí ojú màmá yẹn dáadáa. Yèyé rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyàwó mi, o ṣeun. Ọmọ rere ni yín, ẹ̀ ń tù mí nínú ni. Lẹ́ńsì tí gbogbo wa wò láàárọ̀ yẹn, tí kò ní àbàwọ́n? Ojú mi ni.” Bàbá ní, “Ṣebí ẹ rí èèrà lára ìwé ìròyìn?” Yèyé ní, “Ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ojú arúgbó kì í dágbére kó tó lọ.” Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti rí fọ́tò àkọ́kọ́ pé ìka mi ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí, n kò lè la ẹnu. Bàbá gbé kámẹ́rà náà sórí pákó gíga, ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Yèyé pe Màmá, wọ́n sì na ọ̀bẹ wọn sí i. “Gbà. Kí n má lọ gé ìka mi sínú iyán yín.” Màmá kọ̀, Yèyé gbé e sílẹ̀ lórí odó, wọ́n sì wọlé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò ṣa ẹ̀gúsí mọ́. Wọn kò lọ sí oko ẹ̀yìn ilé mọ́, ilá gbó mọ́ igi. Àwọn tó ń kọjá á kí wọn pé “Okun o, Yèyé,” Yèyé á sì béèrè ta ni, bẹ́ẹ̀ ẹni náà dúró síwájú wọn. Mo máa ń ṣọ́ wọn. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n fọwọ́ lé eṣinṣin kan kúrò lórí itan wọn láìtàsé, mo sì mọ̀ pé wọ́n ríran. Ojú wọn kò tíì lọ. Wọ́n kàn ti gbà pé ó lọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Mo ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí Yèyé wà nígbà yẹn báyìí, n kò sì tíì rí ohun tó wúwo tó o nínú gbogbo ohun tí mo ti gbé láyé mi. Màmá ń bó iṣu, ewúrẹ́ ń sanra.

Ohun tó tú àṣírí náà ni ọwọ́ Yèyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yèyé dìde láti lọ sí balùwẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn kí wọ́n tó bí Bàbá. Wọ́n dúró, wọ́n dijú méjèèjì, wọ́n na ọwọ́ síta. “Fúnmi, mú mi lọ.” Mo di ọwọ́ náà mú. Òrí ló ń rùn lára rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo ní, “Yèyé, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni. Mo fi òrí yín sí òrùka lẹ́ńsì kí ó lè yí.” Wọ́n la ojú. “Òrí wo?” “Òrí inú igbá yín. Ìka kan ni.” Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n wo oòrùn, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn tó ń dán lábẹ́ rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti yé wọn. Ẹni tó ti lo òrí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ ohun tí oòrùn ọ̀sán ń fi ojú òrí rí. Wọ́n fi ìka gbá mi láàárín orí, ó dùn mí. “Ìwọ ọmọ yìí! O fọ́ mi lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!” Wọ́n wá kọjá lára mi, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra wọn, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń ké pe Màmá tí kò sí nílé, pé níbo ni wọ́n tọ́jú ọ̀bẹ òun sí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí Bàbá àti Màmá sọ, wọn kò gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n gbà gbọ́.

Bàbá kò nà mí. Wọ́n gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀, wọ́n tú òrùka náà pẹ̀lú ìka lásán, wọ́n fihàn mí bí kútẹ́ẹ̀sì ṣe ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n fún mi ní bẹntiróòlù díẹ̀ àti òwú, wọ́n ní kí n nù ún títí òórùn òrí kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́, kí n wá mú un jókòó fúnra mi. “Bí kò bá yí, kí lo máa ṣe?” “Màá dá a padà, màá tún un bẹ̀rẹ̀.” “Bí kò bá ṣì yí?” “Màá pè yín.” Wọ́n ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀.” Ọjọ́ méjì ni a kò fi gún iyán. Nígbà tí a máa lọ sí Makutu lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo gbé kámẹ́rà náà lé itan, tí mo fi ìró Yèyé wé e, n kò sì jẹ́ kó kan irin ọkọ̀ títí a fi dé. Bàbá gbé ẹ̀gbọ́n Yèyé jókòó sábẹ́ igi lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí a padà délé tí Bàbá fọ fọ́tò náà, Yèyé gbà á pẹ̀lú omi lára rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní, “Ó ṣì ń we gèlè sápá òsì. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.” Wọ́n sunkún, wọn kò sì fi pamọ́ fún wa.

Bàbá fẹ́ fa fọ́tò tó bàjẹ́ náà ya. Yèyé ní kí wọ́n má fà á ya, kí wọ́n kan méjèèjì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, èyí tó mọ́ lápá ọ̀tún, tèmi tó bàjẹ́ lápá òsì. “Láàárọ̀ láàárọ̀, màá máa wò wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí n bá ti lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mi sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá di ọ̀kan náà, èmi fúnra mi ni màá gbé e fún yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fi ẹnu sọ fún mi bóyá mo ríran.” Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Mo parí iléèwé, Bàbá fi tábìlì iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n Makutu dolóògbé, Yèyé ṣì ń bó iṣu wa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sínú yàrá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀bẹ wà lórí itan wọn, wọ́n kọjú sí ògiri. “Fúnmi,” wọ́n ní, “èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì?” Mo ní, “Ti apá òsì ni, Yèyé.” Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n yí ọ̀bẹ náà padà, wọ́n na èèkù rẹ̀ sí mi. Nírọ̀lẹ́, mo jókòó tì wọ́n lẹ́bàá odó, mo ń bó iṣu. Wọ́n mú èèpo kan nílẹ̀, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti nípọn jù, kí n máa rọra.